Ta Ni Ìlú Gbàgbé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí A Tì Sẹ́yìn ní Èkìtì

Níbi yòówù kí n ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ìlú ń tì sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ìpàdé onílé, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí abẹ́ igi níwájú ààfin, àwọn ìbéèrè kan wà tí wọn kì í ṣaláì bi mí. Mo kó wọn jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀, mo dúró dáadáa. Ibi tí kò bá ti gba àlàyé púpọ̀, mo yára kọjá.

Kí ni ìdájọ́ òdodo láwùjọ gan-an? Ṣé ọ̀rọ̀ kóòtù ni?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ omi kan dáhùn. Ní àdúgbò wa ní Adó, a dáwó jọ, a gbẹ́ bọ́ọ̀hòlù. Kí ewúrẹ́ má baà máa fẹnu kan ẹnu ẹ̀rọ, a gbé e sórí pèpéle sìmẹ́ǹtì gíga. Àtẹ̀gùn mẹ́rin lèèyàn ń gùn kó tó débẹ̀. Ìyá kan wà ládùúgbò náà tó ń ta ata lójúde ilé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ọwọ́ ló fi ń rìn, ó sì máa ń ki sálúbàtà bọ ọwọ́ kí òkúta má baà gún un. Ìyá yìí san owó tirẹ̀ pé, kò jẹ kọ́bọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣí ẹ̀rọ náà, a gbàdúrà, a pín mínírà, a ya fọ́tò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ń kọjá lọ, mo bá a nídìí àtẹ̀gùn, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń wojú àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, bóyá ọ̀kan á yà bá òun pọnmi.

Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó lé e. Bó bá bẹ èèyàn, wọ́n á pọn ọ́n fún un. Síbẹ̀, a ti ṣẹ̀ ẹ́, torí lọ́jọ́ tí a jókòó tí a ń sọ bí pèpéle náà yóò ṣe ga tó, a ò ránṣẹ́ pè é. A gba owó rẹ̀, a ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà wà nípàdé ọjọ́ yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tí mo ń pè ní ìdájọ́ òdodo láwùjọ nìyẹn: bí ìlú ṣe ń pín oore rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, àti ta ló wà níjòkòó nígbà tí wọ́n ń pín in. Kóòtù náà a máa dá sí i, àmọ́ ẹ̀yìn ló ti ń dé.

Ta ni ẹ ní lọ́kàn tí ẹ bá sọ pé "àwọn tí a tì sẹ́yìn"?

Ẹni tó jẹ́ pé ilé ló jókòó sí tí ìpinnu ìlú dé bá a. Ní Èkìtì tiwa, ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá. Opó tí àwọn ẹbí ọkọ ń lé jáde nínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ kọ́. Arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè lájẹ̀ẹ́ nítorí pé ó pẹ́ láyé. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lọ sílé ìwé. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Àti àwọn Lébìrà, Tíífì àti Àgàtú tó ń gbé abà, tó ń kọ ebè iṣu tí gbogbo wa ń gún jẹ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé wọ́n kéré níye. Obìnrin ò kéré nílùú kankan, síbẹ̀ ẹ ka iye wọn nínú ìgbìmọ̀ ìjòyè ìlú yín. Ẹnì kan náà sì lè jẹ́ ẹni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbì kan kó jẹ́ atẹnimọ́lẹ̀ níbòmíràn. Ọkùnrin kan lè wà ní Èkó tí ọ̀gá rẹ̀ ń fojú ẹ̀gbin wò ó, kó wá délé nígbà Kérésìmesì, kó máa pariwo mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó pé kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ojú mi ti rí irú rẹ̀.

Ṣebí orí tí kálukú yàn ló ń bá a rìn? Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá.

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo wọn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ẹnu mọ́. Tí ìyà bá ń jẹ ẹnì kan, a ó ní ohun tó kúnlẹ̀ yàn ni, a ó sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ ká padà lọ gbọ́ ìtàn náà bí Ifá ṣe sọ ọ́ nínú odù Ogbè Ògúndá.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sílé ayé: Oríṣẹ́ẹ̀kú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò bá Àjàlá nílé. Wọ́n mú orí tó tóbi, tó dán, tó wù wọ́n lójú. Wọn ò mọ̀ pé orí náà ò jiná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́nà, òjò pa wọ́n, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, wọn ò rí èrè.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà kí baba rẹ̀. Wọ́n ti dífá níbẹ̀, wọ́n ti rúbọ, wọ́n sì fún un ní owó àti iyọ̀ dání. Lójú ọ̀nà, ó rí oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀, ìyẹn sì mú un dé ilé Àjàlá. Nígbà tó débẹ̀, ó bá olówó tó wá sin gbèsè; Àjàlá fúnra rẹ̀ ti gun òkè àjà lọ sá pamọ́. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá bá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń kan àwọn orí náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí èyí tó jiná, ó sì mú un fún un.

Ẹ wá sọ fún mi: kí ló ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀? Ojú rẹ̀ kò mú ju tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì ní ìwà tó dára jù wọ́n lọ kó tó kúrò nílé. Ó lówó lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n fún un nílé baba rẹ̀, ó sì rí ẹni tó mọ èyí tó jiná sọ fún un. Àwọn méjì yòókù kò rí ẹni tó sọ fún wọn. Alámọ̀ náà sì nìyí, onígbèsè ni, ó ń sá fún olówó, ó ń kó orí tó fọ́ mọ́ èyí tó sàn sínú àká kan náà. Ẹni tó bá mú èyí tó fọ́ níbẹ̀, ṣé òun la ó dá lẹ́bi? Èmi ò gbà pé ìtàn yìí wà láti fi dá ìyà láre. Bí mo ṣe ń tún un gbọ́ sí i ni mo ń rí i pé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn àti ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ká sọ pé a ṣì wà lójúde Àjàlá, gbogbo orí náà ń dán, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó máa kan òun. Ẹ lè bọ́ sáàfin. Ẹ lè bọ́ sí abà Lébìrà lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Ẹsẹ̀ yín lè má gbé yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Irú Èkìtì wo ni ẹ máa fẹ́ bá níbí? Àtẹ̀gùn mélòó ni ẹ máa fẹ́ kó wà nídìí ẹ̀rọ omi yẹn? Mo bi bàbá ìjòyè kan ní ìbéèrè yìí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan."

Ohun kan ló kù nínú ìtàn náà tí mi ò lè fò: òjò ló ba orí wọn jẹ́. Orí tí kò jiná, bí òjò ò bá pa á, ó ṣì lè dé ibi tó ń lọ. A ò lè padà lọ bá Àjàlá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilẹ̀ oko àti ọ̀nà jẹ́ òrùlé tí ìlú lè fi gba òjò dúró.

Ṣebí àwọn baba wa pe abirùn ní ẹni òòṣà. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ọ̀wọ̀ ńlá ni, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ìtàn náà ni pé Ọbàtálá mu ẹmu yó lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, kò pe ẹ̀dá náà ní àṣìṣe kó sọ ọ́ nù. Ó gbà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní tòun ni wọ́n, ó sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀. Títí di òní, àwọn tó ń sìn ín kì í fẹnu kan ẹmu. Ẹ wo ẹni tí ìyípadà já lé léjìká: ẹni tó ní agbára, ẹni tí amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní kí arọ lọ yí ara rẹ̀ padà.

Ibi tí a ti ṣì í lò ni pé a mú orúkọ "ẹni òòṣà", a fi gbé wọn sẹ́bàá ojúbọ, bí ẹni pé wọn kì í ra iṣu, wọn kì í lọ báǹkì, wọn kì í fẹ́ ìyàwó. Bákan náà la tún máa ń sọ pé a kì í tojú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án kà á. Ẹ̀kọ́ ilé gidi ni. Àmọ́ tí gbogbo ìlú bá ń fi ẹ̀kọ́ ilé dákẹ́ síwájú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, ta ló máa bi í irú bàtà tó fẹ́?

Mo máa ń ṣàánú fún wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò kì í kọjá alágbe láìfún un lówó. Kí ni ẹ tún ń fẹ́?

Ẹ má dá a dúró. Ebi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtọrẹ àti ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ni àánú wà, bó bá wù ú lónìí ó fún ọ, bí inú rẹ̀ ò bá dùn lọ́la ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó ń gba àánú gbọ́dọ̀ máa wojú. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ lè sùn kó hanrun.

Àwọn arúgbó Èkìtì mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìpínlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn tó ti lé ní ọdún 65 tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Owó arúgbó ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Mo rántí bí àwọn ìyá ṣe máa ń tò síta, tí wọ́n di nọ́ńbà wọn mọ́ gèlè, tí wọ́n ń bára wọn ṣeré bí ọmọ ilé ìwé. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ wọ́n ra oògùn, wọ́n ra epo, wọ́n sì fún ọmọ-ọmọ ní nǹkan. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà ò dé ọwọ́ wọn mọ́. Ẹni tó ti ń fi orúkọ rẹ̀ ra oògùn àwìn kò mọ ohun tó máa sọ fún oní-kẹ́míìsì. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà kọ́ ló ká mi lára níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ká mi lára ni pé ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ò ní ibì kankan tó lè dúró sí kó sọ pé, "Tèmi ni, ẹ mú un wá."

Kí ni òfin sọ?

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 42, sọ pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà kankan nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìlú tó ti wá, bó ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀, tàbí irú ìbí tí wọ́n bí i. Ẹ kà á dáadáa, ẹ máa rí i pé kò dárúkọ àbùkù ara. Abala 17 náà sọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa òmìnira, ìdọ́gba àti òdodo, àmọ́ ó wà lára ibi tí abala 6 sọ pé èèyàn ò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó dùn mí púpọ̀ pé ibi tí òfin wa ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù jù lọ ni ibi tí mẹ̀kúnnù ò ti lè dì í mú.

Nítorí náà ni òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ṣe ṣe pàtàkì. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé, ọdún márùn-ún náà sì ti pé láti 2024. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gba akàndá ẹ̀dá tó tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fi àbùkù ara yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́, mílíọ̀nù kan náírà ni. Èkìtì náà ní òfin tó de ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìfìyàjẹni nítorí akọ tàbí abo láti ọdún 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019.

Ẹ dúró níwájú báǹkì tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ ka àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ọkọ mi kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kò sí tèmi nínú ogún. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi ẹnu kan dáhùn, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún, àtọkùnrin àtobìnrin. Ọ̀nà méjì la fi ń pín in. Ìdí-igi ni pé kí a pín in sí iye ìyàwó tó bímọ, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìdá tiwọn. Orí-ò-jorí ni pé kí a pín in ní iye orí ọmọ. Ìdí-igi ni kóòtù gbà pé ó jẹ́ àṣà gbogbogbòò. Orí-ò-jorí máa ń wáyé bí ìjà bá fẹ́ tú ẹbí ká. Nínú méjèèjì, ọmọbìnrin ò kéré sí ọmọkùnrin. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín obìnrin pé kò ní ìpín, kò mọ àṣà tó ń fi ẹnu rẹ̀ gbé.

Ti opó ló burú. Àṣà kò kà á mọ́ àwọn tó ń jogún ọkọ. Ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa tún sọ ọ́ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó ò lè máa ṣàkóso ohun ìní ọkọ rẹ̀ tó kú. Èmi rò pé ìdájọ́ yẹn bá àṣà mu, kò bá òdodo mu, mo sì gbà pé àwọn méjèèjì lè ya ara wọn. Àṣà yẹn wáyé nígbà tí ẹbí gbọ́dọ̀ bọ́ opó, kí wọ́n fi í sábẹ́ òrùlé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. A ti pa ẹrù tó wà lára ẹbí tì, a wá di àǹfààní inú rẹ̀ mú.

Bó bá jẹ́ kóòtù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó níwèé àṣẹ ni ẹ ti ṣègbéyàwó, ọ̀rọ̀ yí padà: òfin ìgbéyàwó kóòtù mọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ìpín. Ẹ wá ìwé ìgbéyàwó yín jáde lónìí, kí ẹ tó dáhùn ìpè ìpàdé ẹbí kankan. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan nínú ọ̀fọ̀. Bí ẹ ò bá lówó lọ́yà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún mẹ̀kúnnù, Legal Aid Council, wà fún irú èyí. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ṣì wà láyé, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rìsíìtì ilẹ̀.

Mo jókòó rí nípàdé ẹbí kan tí wọ́n ti béèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí yẹ̀pẹ̀ orí sàréè tó gbẹ. Opó náà na kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ bá mi yọ tilé kúrò lára rẹ̀." Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa tó wà níjòkòó mọ̀ pé kò dára, a wolẹ̀.

Ṣebí obìnrin ń ṣe adelé ọba ní Èkìtì? A ò ṣe rí wọn fín nìyẹn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí èyí, torí ó jẹ́ iyì wa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, tí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣe adelé. Á wọ agbádá, á dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ìjòyè tó lè bí i lọ́mọ á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní "Kábíyèsí". Á dájọ́ ilẹ̀, á parí ìjà, á gba àlejò ìjọba. Ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀, ó lè jẹ́ ọdún bíi mélòó kan. Ìlú ò ní dàrú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ, á bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀, á sì padà di ẹni tí wọn kì í pè sípàdé.

Mi ò ní kí ìlú kankan yí orò rẹ̀ padà ní ọ̀la. Mò ń sọ pé ẹ̀rí ti wà lójú wa, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé obìnrin lè gbé ìlú dúró. Bíọ́dún Olújìmí, Fúnmi Ọláyínká, Modúpẹ́ Adélabú àti Mónisádé Afúyẹ ti dé ipò igbákejì gómìnà níbí. Obìnrin kankan ò tíì ṣe gómìnà. Àfi bí ẹni pé a fẹ́ràn kí wọ́n máa bá wa di ìjókòó mú.

Ilẹ̀ baba wa ni. Kí ló kan Lébìrà àti Àgàtú nínú ọ̀rọ̀ ìlú wa? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé àwọn àjèjì ló ń kó ìjínigbé wá?

Ẹ̀rù tó ń bà yín, ó ń ba èmi náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Onímọ̀jọ àti Elẹ́sùn, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ gbé ní Ẹmùrè. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Àmọ́ ọ̀daràn ló ṣe é, èdè kankan kọ́. Bàbá Lébìrà tó ti ń kọ ebè ní abà wa láti bí ogún ọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pe ilé ní "ulé" tí wọ́n ń pe iṣu ní "uṣu" bí ọmọ Èkìtì gidi, òun náà ń sá fún ajínigbé. Òun gan-an ló wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbà kọjá. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Òfin tí Èkìtì ṣe ní 2016 lórí dída ẹran jẹko ní ibi tó dára sí: ó sọ wákàtí tí a lè da ẹran àti ibi tí a lè dà á dé. Ìwà ló dá lẹ́kun, kò dárúkọ ẹ̀yà kankan.

Ẹ tún rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí Ìbàdàn ń fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú rẹ̀, ṣàkóso ìlú wa, tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ń kó ohun tí wọn ò gbìn, tí wọ́n ń fojú àlejò wo onílẹ̀, kí ni Fábùnmi ṣe ní Òkè-Ìmẹ̀sí? Ó bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀. Èkìtì Parapọ̀ ti ibẹ̀ dìde, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà wá ṣáájú wọn, wọ́n sì ja ogun Kírìjí títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Àwa tí a ja irú ogun bẹ́ẹ̀ mọ bí ó ṣe ń rí lára kí ẹlòmíràn pinnu fúnni. Ẹ lọ sí abà báyìí. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń san owó àdúgbò. Tí wọ́n bá ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí ajílẹ̀, wọ́n á ka ojúlé tó wà nílùú, wọn ò ní ka abà. Bí ọmọ ibẹ̀ bá fẹ́ lọ sílé ìwé, odò ló ń là kọjá lásìkò òjò.

Mi ò ní kí ẹ fún wọn nílẹ̀ baba yín. Ẹ fún wọn lága kan nípàdé.

Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ńkọ́? Ṣé òun náà lẹ́tọ̀ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀tọ́ tó wà fún ẹ̀yin. Òfin tí a fi ń ṣàkóso wọn tẹ́lẹ̀ ti wà láti 1958, "òfin wèrè" ni orúkọ rẹ̀ pàápàá. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni a tó ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ àti ẹgba kò sí lára ìtọ́jú náà.

Orúkọ wo ni kí n máa pè wọ́n?

Ẹ bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ akàndá ẹ̀dá. Àwọn afọ́jú kan sọ fún mi pé afọ́jú làwọn, kí n má wulẹ̀ pọ́n ọ̀rọ̀ lé. Orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ ló dára jù. Ìyá aláta wa, Ìyá Àdùkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é tẹ́lẹ̀ kí Àdùkẹ́ tó lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìyá arọ". Kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè.

Ṣé ìdọ́gba ni pé kí gbogbo wa gba nǹkan kan náà?

Ẹ wo àáró. Ẹ̀yin mẹ́rin ń roko fún ara yín ní tòò-tòò: lónìí oko tèmi, lọ́tùn-únla oko tiyín. Ó dọ́gba. Ó wá ku opó kan tí kò lè gbé ọkọ́, tó lóko. Tí a bá ní "ẹni tó bá roko la ó bá roko", òfin náà bá gbogbo wa mu, oko tirẹ̀ á sì di igbó. Àwọn àgbà mọ èyí. Wọ́n máa ń ní kó se oúnjẹ àwọn alááró, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró fún ti ọkọ́. Wọ́n wo ohun tó lè mú wá, wọ́n kà á sí iṣẹ́. Ilé ìwé àwọn afọ́jú tó wà ní Ìkéré ń ṣe irú rẹ̀: ìwé kan náà, àmọ́ èyí tí ìka lè kà.

Mi ò lówó, mi ò sí lórí oyè. Kí ni mo lè ṣe?

Nípàdé tí ẹ máa lọ lọ́sẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ ti onílé, ti òbí ọmọ ilé ìwé tàbí ti ẹgbẹ́ ọjà, kí wọ́n tó fẹnu kò, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ ní, "Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn tí kò sí níbí?" Wọ́n lè pariwo mọ́ yín pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ dúró gba ìdáhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà, ẹ ní kí wọ́n sún ìpinnu náà síwájú, kí ẹ fúnra yín lọ pè é.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ omi yẹn?

Ó pẹ́ kí a tó ṣe nǹkan kan. A kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ máa pọnmi fún un ní tòò-tòò, kò tó oṣù kan tí ìyẹn fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà la lọ bá a nílé, a jókòó lórí àpótí, a bi í bó ṣe fẹ́ kó rí. Ó ní òun ò fẹ́ kí a wó pèpéle náà, pé ewúrẹ́ á ba omi jẹ́ lóòótọ́. Ó ní kí a ṣáà tún ẹnu ẹ̀rọ kan yọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ó ga tó ìgbọ̀nwọ́ òun, kí a sì fi ìlẹ̀kùn onírin kékeré bò ó. Páìpù kan, ẹnu ẹ̀rọ kan, ọ̀sán ọjọ́ kan. Báyìí, àwọn ọmọdé ló ń lo ẹnu ẹ̀rọ yẹn jù, torí pé ó bá gíga wọn mu. Láàárọ̀, Ìyá Àdùkẹ́ máa ń ní láti tò.